Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń de onígbèsè, kì í ṣe ìwé

Ìròyìn yín lórí pákó ìkọ̀wé àwọn ará Róòmù ìgbàanì tí wọ́n hú nílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù dùn ún kà, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti sọ pé láìsí ìwé kò sí àdéhùn lábẹ́ òfin Róòmù kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní stipulatio, olówó á bèèrè pé, "Ṣé o ṣèlérí?", ẹnì kejì á sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Mo ṣèlérí", ìdáhùn yẹn ló dè é, ẹ̀rí lásán sì ni ohun tí wọ́n bá kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìṣirò olówó nìkan ni àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lè dá gbèsè sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wo pákó ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 57 lẹ́yìn Kristi, níbi tí Tibullus, ẹrú tí wọ́n ti dá sílẹ̀, ti kọ ọ́ pé òun jẹ Gratus ní 105 denarius (owó fàdákà Róòmù) lórí ọjà tí wọ́n ti tà fún òun, tí òun sì ti gbà. Ọjà títà kò tilẹ̀ nílò ìlérí kankan. Bí ẹnu olùtà àti olùrà bá ti kò, ó ti tó.

Ìbẹ̀rù ayédèrú, lójú tèmi, ló mú kí wọ́n fara balẹ̀ kọ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pàṣẹ nígbà ayé Nero, olú ọba Róòmù, pé kí wọ́n lu ihò sí irú pákó bẹ́ẹ̀, kí okùn gba inú rẹ̀ kọjá nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó lu èdìdì lé e.