Lẹ́tà Pásítọ̀ Kì í Ṣe Rìsíìtì

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn láti dá owó ìfẹ̀yìntì tó gé lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ, padà. Kò ní san owó ìtanràn. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jáde níbì kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹjọ́ sùn kò sí níjòkòó nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn náà. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti kà á. Ìdí tí àwọn aláṣẹ tó parí ọ̀rọ̀ náà fi ṣàánú tó bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún àwọn akọ̀ròyìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni pé olùbẹ̀rù Ọlọ́run ni ọkùnrin náà, àti pé àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti kọ lẹ́tà wá láti fi jẹ́rìí ìwà rẹ̀.

Ìwé ìròyìn yìí kò fara mọ́ ìpinnu náà. A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sì rẹ̀ wá láti tún un sọ: bí ọ̀gá bá ń gé owó òṣìṣẹ́, ìwé owó ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ohun tí a kọ nígbà tí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ kan wọmi lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Nígbà náà, wọ́n ní ká ṣe sùúrù, pé Kristẹni rere ni ẹni tọ́rọ̀ kàn. A ṣe sùúrù. Ohun tí sùúrù náà bí ló wà nílẹ̀ yìí.

Òṣìṣẹ́bìnrin kan nílé iṣẹ́ náà kó ìwé rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Ìwé owó oṣù ọdún mẹ́ta ni, ó fi rọ́bà so ó pọ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ti kọ iye tí wọ́n yọ fún owó ìfẹ̀yìntì, kò sí oṣù kan tí wọ́n gbàgbé láti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé kejì jáde, èyí tí PFA, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tẹ̀ fún un nígbà tó lọ béèrè. Owó tó wọlé kẹ́yìn níbẹ̀ ti lé ní ọdún méjì. Láti ìgbà náà, kọ́bọ̀ kò wọ ibẹ̀. Ohun kan tún wà lára àwọn ìwé owó oṣù yẹn tí ojú wa kò lè kúrò lára rẹ̀: nísàlẹ̀ ìwé kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ náà máa ń tẹ ẹsẹ Bíbélì kan fún oṣù. Ẹsẹ náà ń yí padà. Oṣù kan kò lọ láìjẹ́ pé wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Ẹnì kan wà nílé iṣẹ́ yẹn tó ń rántí ṣe èyí lóṣooṣù, tí iná bá wà, tí iná ò sí.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 kún un, kí owó náà sì ti kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ 7 tó pé lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n san owó oṣù. Ọjọ́ méje ni òfin wí. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin yìí kan náà ló ní kí ẹni tó bá fi owó náà falẹ̀ san ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Àjọ PenCom, tí ìjọba fi ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti ń lo àwọn agbowó pàtàkì láti ọdún 2012 láti máa gba irú gbèsè yìí lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́. Ta wá ló fún àwọn tó jókòó nípàdé yẹn láṣẹ láti bu ìtanràn kúrò? Ta ni wọ́n sì fi owó rẹ̀ ṣàánú?

Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀, torí àwọn kan ti ń po ọ̀rọ̀ pọ̀. A mọ̀ pé ọjà ò tà bíi ti tẹ́lẹ̀. A mọ iye tí wọ́n ń ta epo dísẹ́ẹ̀lì, a sì mọ ohun tí owó náírà ti ṣe fún àwọn tó ń ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Bí ilé iṣẹ́ kò bá rí ìdá 10 tirẹ̀ san, gbèsè nìyẹn, a lè bá ara wa sọ ọ́. Ìdá 8 yàtọ̀. Òógùn òṣìṣẹ́ ni, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ, wọ́n ti yọ ọ́ kó tó fojú kan owó oṣù. Ọ̀gá kò ní ohun kankan níbẹ̀ ju kó bá wọn fi jíṣẹ́ lọ. Bí oníṣẹ́ bá ná owó tí wọ́n fi rán an, Yorùbá mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì sí “ìṣòro ọrọ̀ ajé” nínú orúkọ ọ̀hún.

Owó náà kì í kàn jókòó bó bá dé ibi tó yẹ kó dé. PFA á fi ra ìwé gbèsè ìjọba (bond) àti àwọn nǹkan mìíràn, èrè á máa gun orí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lo oṣù mẹ́rin láìrí òmíràn, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà ní àkáǹtì rẹ̀. Àwọn tí ilé iṣẹ́ yìí dá dúró lọ béèrè ẹ̀tọ́ yìí, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ìdá 25 nínú òfo ni wọ́n bá lọ́hùn-ún. Nínú oṣù mẹ́fà tí wọ́n fún ọ̀gá yẹn, kò sẹ́ni tó gbẹnu lé èrè tó ti sọnù láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Àwọn aláṣẹ ló gbé e wá, a ò ní sá fún un.

Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣe àdúrà nílé iṣẹ́ yìí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A ò rí ohun tó burú níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Mùsùlùmí pọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó lára wọn bí wọ́n bá pẹ́ dé àdúrà náà. (Ìyẹn náà tó ọ̀rọ̀ olóòtú lọ́tọ̀, a óò padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.) Nígbà tí akáǹtáǹtì ilé iṣẹ́ náà kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tó ní wọ́n ti san owó tí wọn ò san, tó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ ni ìwàásù òwúrọ̀ ọjọ́ kejì dá lé. Wọ́n ní Júdásì ni, pé ó tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀. Ó dà bíi pé oníwàásù ọjọ́ náà kò ka Jòhánù orí 12 dé ẹsẹ 6. Ibẹ̀ ni Bíbélì ti sọ iṣẹ́ tí Júdásì ń ṣe láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn: òun ló mú àpò owó lọ́wọ́, olè ni, a sì máa jí ohun tí wọ́n bá fi síbẹ̀. Nílé iṣẹ́ tí à ń wí yìí, ọwọ́ ta ni àpò owó wà?

Akáǹtáǹtì yẹn ni wọn ì bá kọ lẹ́tà fún. Òun náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó ní ilé tó ń sanwó rẹ̀. Ó mọ ohun tí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé túmọ̀ sí níwájú Ọlọ́run àti níwájú òfin, ló bá gbé páálí rẹ̀ jáde. Títí di ìsinsìnyí, a kò tíì gbọ́ pé pásítọ̀ kankan dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ.

Bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ fi Bíbélì dájọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dá a dáadáa. Sákéù olórí agbowó-òde ní Jẹ́ríkò kò bẹ̀bẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ó dìde dúró níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ìdajì ohun ìní òun di ti tálákà, pé ẹnikẹ́ni tí òun bá sì ti rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin ni òun máa san padà fún un. Lẹ́yìn tó sọ èyí tán ni Jésù tó wí pé ìgbàlà wọ ilé náà lónìí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ léra wọn nínú Lúùkù orí 19. Ìdá 2 lóṣù ni òfin Nàìjíríà ń béèrè. Ó rọrùn ju ti Sákéù lọ fíìfíì, síbẹ̀ wọ́n bá a bu u kúrò.

Nígbà tí Sámúẹ́lì ń gbé ìṣàkóso sílẹ̀, kò gba lẹ́tà lọ́wọ́ àlùfáà. Ó kó gbogbo Ísírẹ́lì jọ, ó ní kí ẹni tí òun bá ti gba màlúù rẹ̀ rí sọ, kí ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ sọ, kí ẹni tí òun bá ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sọ, kí òun dá a padà. Àwọn tó ṣàkóso lé lórí gan-an ló fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ ọ̀gá Kristẹni nìyẹn: kó ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nípàdé tí wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni wọn ò pè.

Ọ̀rọ̀ tún kan ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹ kọ lẹ́tà. Ọ̀wọ̀ yín wà lára wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi bébà ìjọ kọ̀wé, ṣé ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan péré nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí díẹ̀ lára wọn ń jókòó níwájú yín lọ́jọọjọ́ ìsinmi? Bàbá Ìjọ ni ọkùnrin náà, ó bá yín kan òrùlé. A ò mọ̀ bóyá owó òṣìṣẹ́ wà nínú páànù yẹn, a ò sì ní méfò. Jákọ́bù orí 5 ẹsẹ 4 ní owó ọ̀yà tí wọ́n fi èrú dá dúró lọ́dọ̀ àwọn tó kórè ń ké, igbe náà sì ti wọ etí Olúwa àwọn ọmọ ogun. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa ní ẹsẹ yìí.

Kì í kúkú ṣe ìlú tí kò mọ ìgbàgbọ́ nípò àṣẹ rí ni Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí àwọn míṣọ́nárì David àti Anna Hinderer mú ìhìn rere dé Kúdẹtì, láàárín ọdún 1851 sí 1853. Olúbàdàn Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó wà lórí oyè láti 1955 di 1964, aṣáájú ìjọ CAC ni, orí ìtẹ́ ló sì ti ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù A. B. Akínyẹlé, ló dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Ìtìjú ló jẹ́ pé nílùú yìí kan náà, ohun tí àwọn aláṣẹ wá mọ ìgbàgbọ́ fún ni pé ó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìtanràn.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ó tó gẹ́ẹ́. Abala 10 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí ìjọba sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọn ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó mọ iye tó máa san. Ká ní Alhaji kan ló gbé lẹ́tà ìmáàmù wá, ohun tí à bá kọ nìyí, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ wọ́gi lé àdéhùn náà. Ẹ gba ìdá 8 lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ìdá 10, ẹ gba ìtanràn àti èrè tó sọnù, kí ẹ sì pe aṣojú òṣìṣẹ́ wá jókòó bí ẹ ti ń ṣírò rẹ̀. Ẹ kéde orúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí àwọn mìíràn wà nílùú yìí tí wọ́n ń wo ibi tí ẹ máa já a sí kí wọ́n tó mọ̀ bóyá káwọn náà san. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ gbé fáìlì náà fún ẹni tó lè ṣe é.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń ka èyí ńkọ́, níbi yòówù kí ẹ ti ń ṣiṣẹ́: ẹ lọ gba ìwé àkáǹtì yín lọ́dọ̀ PFA yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù yín. Bí oṣù kan bá wà tí kò bára mu, ọ́fíìsì wa ṣí sílẹ̀.