Sapayoa: ẹbí ta ni ẹyẹ yìí gan-an?

Bàbá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ bá mi dá sí i o. Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Sapayoa, àwọ̀ ewé tó ti ń gbó ló ní, inú igbó Kòlóńbíà, Ẹ̀kúádọ̀ àti Pánámà ló wà. Látìgbà tí Hartert, onímọ̀ ẹyẹ, ti sọ ọ́ lórúkọ ní 1903 ni wọ́n ti ń kà á mọ́ àwọn manakin, ìyẹn àwọn ẹyẹ kéékèèké inú igbó ibẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe tún ní broadbill, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu fífẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, ni ẹbí ẹ̀. Èmi ò gbà jàre.

Kúnlé_K: Ibi tí wọ́n bá èèyàn kọ́ ni ìran ẹ̀ ti ṣẹ̀ o 😂 Ẹ̀gbọ́n, láti 1985 ni onímọ̀ kan, Lanyon, ti yẹ púrótéènì ara ẹyẹ náà wò tó rí i pé kò bá ti manakin mu, nígbà tó di 2003 Fjeldså àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá fi DNA tì í lẹ́yìn.

Tísà Àdùkẹ́: Ìtẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ó máa ń so rọ̀ bí àpò sórí odò kékeré, bíi ti broadbill gẹ́lẹ́.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ: Ẹ̀gà náà ń so ìtẹ́ rọ̀, ṣé broadbill lòun náà ni?

Tísà Àdùkẹ́: Háà, ẹ mú mi níbẹ̀ sà. Ìtẹ́ nìkan ò tó, DNA ni kókó.

Ọmọ Odò: Kí ló ń le nínú ẹ̀? Ṣebí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà lẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n pín, ẹyẹ náà bá ilẹ̀ lọ.

Kúnlé_K: Rárá o. Ilẹ̀ yẹn ti pín ní bíi mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn, ìṣirò tí Oliveros àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní 2019 sì ní gbogbo ìran ẹyẹ tó ń bà sórí ẹ̀ka, tí Sapayoa wà lára wọn, ò ju bíi mílíọ̀nù 47 ọdún lọ. Ilẹ̀ ti lọ kí ẹyẹ tó dé! Àwọn onímọ̀ kan ní apá àríwá ayé ló gbà dé Amẹ́ríkà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì móoru tí igbó sì wà.

Tísà Àdùkẹ́: Ẹ má sì pè é ní olórin bíi ti àwọn tó ń kọ́ orin lẹ́nu àgbà o, suboscine ni, ìyẹn ìran ẹyẹ tó jẹ́ pé ohùn tí wọ́n bí mọ́ wọn ni wọ́n sábà máa ń lò. Ní báyìí wọ́n ti fún un ní ẹbí tiẹ̀, Sapayoidae, òun nìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Odò: Bí àdán, kò ṣeku kò ṣẹyẹ 🤣

Kúnlé_K: Hartert ti fura, *aenigma* ló fi parí orúkọ ẹ̀. Àlọ́ ni.

Bàbá Ẹlẹ́yẹ: Ó dáa, mo gbà pé kì í ṣe manakin. Àmọ́ ọ̀rọ̀ apá àríwá yẹn, ẹ tún un sọ, kò tíì yé mi.