Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Rí Oorun Sùn

Ilẹ̀ mọ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní wọ́ọ̀dù. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ìdajì bisikíìtì tó fi ṣe oúnjẹ alẹ́ ṣì wà lápò aṣọ funfun rẹ̀. Ọ̀gá dókítà dé, ó ní kó ka ohun tó yẹ kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹra fún. Ó kà á láìkọsẹ̀: iyọ̀ àpọ̀jù, àìsùn, ìjókòó sójú kan, másùnmáwo. Ọ̀gá ní ó gbà á. Wọ́n kọjá sí ibùsùn kejì.

Ẹni tó máa dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ara àwọn tí wọ́n ń kọ́ láti wò wá sàn kò le, ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí másùnmáwo ń ṣe lára kò fara sin. Bí ẹ̀rù ìdánwò bá ti wọlé, àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lé kíndìnrín lórí á tú cortisol, èròjà tí ara fi ń kojú másùnmáwo, sínú ẹ̀jẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó dára: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ọpọlọ á jí. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá ń tẹ̀ lé ìdánwò lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ọ̀rá á kó sí ikùn, ara ò sì ní lè bá àrùn jà bó ṣe yẹ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á tún wá fi kọfí lé e. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni ìdajì kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, fi ń kúrò lára, nítorí náà ife tó mu láago mẹ́sàn-án alẹ́ ṣì ń bá a fínra láago méjì òru. Ó dùbúlẹ̀, oorun ò wá. Ilẹ̀ mọ́, ó tún gbé ife mìíràn.

Àwọn kan yóò ní ìwà akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló fà á. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa tẹ fóònù di ọ̀gànjọ́. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Kí olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní èyí fi ibi tí ìṣẹ́jú 150 náà wà hàn wá lórí ètò iṣẹ́ tó fún wọn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtọ́jú ara pàápàá, bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é, àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń fi í sí!

"Àwa náà jẹ ìyà yìí, a sì di dókítà." Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ibẹ̀ fẹ́ràn nìyẹn, kò sì wọ̀ wá létí. Ẹni tó lajú sílẹ̀ fún wákàtí 24 gbáko ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.10 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó kọjá ohun tí òfin gbà fún awakọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Láti 2003 ni Amẹ́ríkà ti fi òpin sí iṣẹ́ àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní wákàtí 80 lọ́sẹ̀. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà lágbàáyé fi kún ẹ̀jẹ́ Geneva, ẹ̀jẹ́ tí àwọn dókítà ń jẹ́, pé dókítà yóò máa tọ́jú ìlera tirẹ̀ náà. Ta ni yóò wá kọ́ ọ ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kọ̀ fún un?

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣiṣẹ́ òru kò gbọdọ̀ ní kíláàsì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n má sì kà á sí ọ̀lẹ. Kí ìdánwò ńlá méjì má bọ́ sọ́sẹ̀ kan náà. Kí ẹni tó ń fún wọn ní máàkì má jẹ́ ẹni tí yóò tọ́jú wọn, nítorí àwọn kan ń gbé inú rírun àti orí fífọ́ kiri títí á fi burú, kí ọ̀gá má baà rí fáìlì wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó gbé ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ jáde síta, kí àwọn òbí tó ń sanwó lè kà á.