Akọni Omi Èso, Ẹrú Abọ́ Oúnjẹ

Ayé ti dayé omi èso. Ẹni tí kò bá tíì fi ọjọ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje mu omi kùkúńbà, ápù àti atalẹ̀ láìjẹ́ kí nǹkan kan kan eyín, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́ mọ́. Ọjọ́ kìíní, àwòrán ìgò aláwọ̀ ewé. Ọjọ́ kejì, ìgò náà tún ni, pẹ̀lú ojú tó ti jìn sínú. Ọjọ́ kẹta, ìwàásù bẹ̀rẹ̀: oúnjẹ ló sọ ọmọ aráyé di ẹrú, ara òun ti fúyẹ́, òun ti ń gbọ́ ohun tí ẹ̀dọ̀ òun ń sọ. Ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ méjì lórí òṣùwọ̀n, kílò mẹ́ta ti fò lọ, ẹ bá wa yọ̀. Ará àti ọ̀rẹ́ á kí i kú oríire. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ akọni lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ń ya àwòrán ọjọ́ kẹfà.

Ọjọ́ kẹfà yìí gan-an ni tiwa. Ẹ má wulẹ̀ bi akọni pé kí ló jẹ, ẹ bi í pé kí ló ṣẹ́ kù. Láàárọ̀, ó ti pinnu pé ápù kan ṣoṣo lòun ó fi ṣínu. Ó jẹ ápù náà lóòótọ́: ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tán. Ápù yẹn ló lọ jí ebi tó ti sùn lọ. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà ìwàásù ọjọ́ kẹta ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́jọ alẹ́, ìdajì adìẹ díndín, ọ̀dùnkún díndín, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan àti kéèkì tó ti wà nínú fíríìjì láti ìjẹta ti wọlé tọ omi èso lọ. Aago mẹ́wàá, ikùn ti le bí awọ ìlù. Aago kan òru, eré ti di eré. Àwọn àgbà ní ẹni tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Akọni tiwa ò ru igbá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń sá lọ tó ń sá bọ̀.

Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó gbọ́ àlàyé rẹ̀: inú òun ti mọ́ jù, kò lè gba oúnjẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ mímọ́ yìí palẹ̀. Orí fífọ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n pè ní májèlé tó ń jáde, kọfí ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ń mu kọfí lójoojúmọ́, tó wá já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín wákàtí 12 sí 24 lorí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó sì lè tó ọjọ́ 2 sí 9 kó tó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìgbẹ́ ṣíṣàn tí wọ́n ní ó ń gbá inú mọ́? Omi ápù àti omi píà ilẹ̀ Yúróòpù ní irú ṣúgà kan tí ìfun kì í lè fà tán. Bó bá pọ̀, á kó omi jọ sínú ìfun, á sì ré sílẹ̀. Ìtọ̀ pupa tó mú kí akọni kan kọ ìwé ìhágún lọ́gànjọ́ òru? Bítírúùtù ni. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán tòru, wọn ò gba owó, wọn ò sì rán ẹnikẹ́ni ní kùkúńbà.

Kílò mẹ́ta ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ara ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Ti ẹ̀dọ̀ tó nǹkan bí 100 gíráàmù, ti iṣan tó nǹkan bí 400. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan máa ń di omi tó bíi gíráàmù 3 mọ́ra. Bí àpamọ́ yìí bá tán pátápátá, omi tó so mọ́ ọn á bá ìtọ̀ lọ: 500 gíráàmù ṣúgà, 1,500 gíráàmù omi. Kílò 2 nìyẹn, a ò sì tíì débi ọ̀rá. Ẹ wá fi ìfun tó ṣófo kún un. Bí ìrẹsì àti iyọ̀ bá ti padà wọlé, àpamọ́ náà á tún kún láàárín ọjọ́ mélòó kan, òṣùwọ̀n á sì gòkè láìbi ẹnikẹ́ni. Akọni á figbe ta pé òun ti sanra lọ́jọ́ méjì péré. Tó bá dọjọ́ Ajé, ìgò ti tún dé. Irú àwọn wọ̀nyí wà tí wọ́n ti pàdánù kílò méjì kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí wọ́n sì gbọ́ kú oríire lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn omi èso. Kò ní òótọ́ kan tó fẹ́ bá yín sọ lásìkò yẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún ò nira láti lóye. Omi kì í pẹ́ nínú ikùn, nítorí náà ikùn tó ti fi ọjọ́ márùn-ún gba omi nìkan ti dẹwọ́ nínú iṣẹ́ lílọ oúnjẹ líle. Omi èso kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rá rárá, àpò òróòro, tó ń tú òróòro jáde láti lọ ọ̀rá, ò sì rí ìdí tí yóò fi fún ara rẹ̀. Òróòro á dúró sójú kan, á máa ki. Ẹ wá ju adìẹ díndín lù ú lójijì: àpò náà á fún ara rẹ̀ gidigidi, ẹni tó bá sì ti ní òkúta òróòro láìmọ̀, abẹ́ ìhà ọ̀tún ni yóò ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ìrora náà á sì lè gùn ún dé èjìká. Ní ti ìfun ńlá, ẹ̀rọ tó ń fún omi èso ti da ìyàngbò èso nù, bẹ́ẹ̀ ìyàngbò yẹn ni fáíbà tí ìfun ń fi ṣiṣẹ́. Ìfun náà ti gba ìsinmi lóde. Ẹ má pè é padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ariwo.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ akọni kejì, tó burú ju ti adìẹ lọ nítorí kò gbà pé òun ṣẹ̀. Òun kò ní jẹ ohun díndín láéláé. Kábéèjì tútù, bròkólì tútù, kárọ́ọ̀tì tútù àti ẹ̀pà, abọ́ kan tó lè gba orí ọmọ tuntun, ló fi ṣínu, torí pé ohun tí Ọlọ́run dá ni. Ọlọ́run náà ló dá gáàsì tí yóò gbé e sùn. Fáíbà tútù tó pọ̀ tó báyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun á fi ṣe àríyá. Ikùn á wú, á máa kùn, ará ilé á sì ṣí fèrèsé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín akọni méjèèjì kò ju pé èyí á máa ṣàlàyé fún yín pé wíwú náà jẹ́ ara ìwòsàn.

Àwọn tó mọ̀ nípa ààwẹ̀ omi èso kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rí. Otto Buchinger, dókítà ará Jámánì tó kú ní 1966, tí ilé ìtọ́jú ààwẹ̀ ìdílé rẹ̀ lókìkí dòní, kò rán àwọn aláwẹ̀ rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú kú oríire lásán. Ní Jámánì, ápù kan ni wọ́n fi ń ṣínu, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń ka ọjọ́ ìgbéra-sọ, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n fi ń padà sídìí oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta iye ọjọ́ tí wọ́n fi gbààwẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún omi èso, ó kéré tán ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ fi padà. Ìran tiwa mú omi èso níbẹ̀, ó fi ápù àti ọjọ́ méjì sílẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń kíni kú oríire ọ̀dùnkún sísè.

Ó dáa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn omi èso. Lọ́jọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ti se omitoro kalẹ̀: kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún, ewébẹ̀ díẹ̀ àti iyọ̀, kò sí epo, kò sí ata, nǹkan bíi lítà kan. Ẹni tí ebi bá ká mọ́ ìdí ìkòkò tó ṣófo, tẹlifóònù ni yóò gbé, ẹni tó ń gbé adìẹ kiri á sì kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kìíní, oúnjẹ kékeré mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wákàtí méjì sí mẹ́ta wà láàárín wọn. Ti òwúrọ̀ ni ápù, tútù tàbí sísè. Sísè ló dára fún ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ta. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sì fi ìṣẹ́jú 15 jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, 15, láìwo fóònù. Ẹ jẹ ègé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu títí yóò fi di omi, nítorí ìròyìn pé a ti yó máa ń pẹ́ tó bí ìṣẹ́jú 20 lọ́nà, ẹni tó bá sì ń jẹun bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé á ti kọjá ààlà kí ìròyìn náà tó dé. Ti ọ̀sán, 200 sí 250 mìlílítà omitoro, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má bẹ̀rù iyọ̀ inú rẹ̀: omi èso kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in, iyọ̀ àti omi tó ti dín lára sì wà lára ohun tó ń mú òòyì kọ́ni téèyàn bá dìde fùú. Ti ìrọ̀lẹ́, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrẹsì rírọ̀, tàbí ọ̀dùnkún sísè tí ẹ tẹ̀. Bí ẹnu bá ń fẹ́ nǹkan sí i, ife omi èso kan tí ẹ fi omi là, ìdajì sí ìdajì. Ó parí. Ẹ lọ sùn.

Ọjọ́ kejì la máa ń mọ akọni tòótọ́, torí pé ebi gidi ti dé, ọlọ́gbọ́n orí ti lọ. Óòtì tí a fi omi sè rọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan, ẹyin sísè kan, nǹkan bí 100 gíráàmù yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, àti omitoro tó kù. Ẹni tí wàrà máa ń bá jà tẹ́lẹ̀, kó fo yógọ́ọ̀tì. Omi èso ò bá a parí ìjà náà. Ẹyin yìí kì í ṣe fún adùn. Ara àgbàlagbà ń fẹ́ nǹkan bí 0.8 gíráàmù purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ìyẹn 56 fún ẹni tó wọn 70 kílò, díẹ̀ kíún ni omi èso sì fún un lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Iṣan ló ń san gbèsè tó kù.

Ọjọ́ kẹta, ẹja tàbí adìẹ tí kò ní ọ̀rá, kó tó àtẹ́lẹwọ́, kó jẹ́ sísè, ewébẹ̀ sísè, epo ṣíbí tíì kan, kí àpò òróòro lè tún mọ iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni ewébẹ̀ tútù, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹran pupa lè padà wọlé, ní ìdajì ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀. Kọfí, ìdajì ife lẹ́yìn oúnjẹ, láti ọjọ́ kejì. Ọtí, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú òfìfo ò bá a jà rárá, orí ló ń gbà á.

Títí débí, ẹ̀rín la ń rín. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ márùn-ún láìjẹ nǹkan gidi, pàápàá tó bá ti rù gan-an tẹ́lẹ̀ tàbí tó máa ń mu ọtí dáadáa, kó gbé ẹ̀rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn kan lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ebi ti pa kan egungun ló kú nígbà tí wọ́n dá oúnjẹ fún wọn ní àdáyó. Oúnjẹ tó wọlé lójijì máa ń gbé insulin, èròjà ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, sókè, insulin á kó àwọn iyọ̀ ara bíi phosphate, potassium àti magnesium wọ inú sẹ́ẹ̀lì, wọn á sì dín kù gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn lè lù gbọ̀ngbọ̀n láìlétò, ẹsẹ̀ lè wú, iyè lè ra. Ìlànà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá ti jẹ díẹ̀ tàbí tí kò jẹ nǹkan kan fún ohun tó ju ọjọ́ 5 lọ, kí a má fún un kọjá ìdajì ohun tí ara rẹ̀ nílò ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Omi èso ní ṣúgà nínú, kì í ṣe ebi pátápátá, ewu náà sì kéré fún ẹni tó sanra dáadáa tó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Àmọ́ kí aláboyún, ẹni tó ń lo insulin, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu àti ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, má tẹ̀ lé ìgò ẹnikẹ́ni láìrí dókítà. Ewé spinach tó pọ̀ nínú omi èso aláwọ̀ ewé nìkan ti ba kíndìnrín àwọn kan jẹ́, nítorí oxalate inú rẹ̀, èròjà inú ewé tó máa ń dì sínú kíndìnrín bó bá pọ̀ jù.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí gbogbo akọni ń bojú béèrè: ìgbà wo ni ìgbẹ́ gidi máa padà? Ọjọ́ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn oúnjẹ líle, lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé kò sí ohun tí ìfun fẹ́ tì síta ṣáájú ìyẹn. Ẹ mu omi lítà 1.5 sí 2 lóòjọ́, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn oúnjẹ, kẹ́ ẹ má sì gbé oògùn ìyàgbẹ́ mì lọ́jọ́ kìíní bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Bó bá di ọjọ́ karùn-ún tí kò tíì sí ìròyìn, tí inú sì ń wú tàbí ń dunni, dókítà ni kẹ́ ẹ wá lọ, kì í ṣe ẹni tó ta omi èso fún yín. Òun á ní ẹ fi ọjọ́ méjì kún un.