Ẹ̀gbọ́n, GB nìkan kọ́ là ń wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí àbúrò wa tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù n'Íkòròdú ra káàdì àwòrán GT 730 oní-4GB, pé òun àti GTX 1650 ò yàtọ̀ síra, 4GB ṣáà ni méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

GB ń sọ bí àpò mẹ́mórì ṣe tóbi tó ni, kò sọ bí ọwọ́ tó ń kó ẹrù jáde ṣe yá tó. DDR3, irú mẹ́mórì àtijọ́ tí kò yá, ló wà lára ọ̀pọ̀ GT 730 oní-4GB. Èyí tí ojú ọ̀nà mẹ́mórì rẹ̀ bá jẹ́ 64-bit nínú wọn, bíi GB 14 ló ń gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. GTX 1650 oní-GDDR5 (irú mẹ́mórì tó yá jù ú lọ), tó jáde ní 2019, ń gbé GB 128. Ṣé ẹgbẹ́ nìyẹn?

Bówó ò bá tó káàdì gidi, kó ra Ryzen 5 5600G, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà (CPU) tó ní ẹ̀rọ àwòrán tirẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà) 8GB méjì ni kó fi sí i, kì í ṣe 16GB ẹyọ kan. Ara RAM yẹn ni ẹ̀rọ àwòrán náà ti ń yá mẹ́mórì lò, ojú ọ̀nà méjì sì yá ju ọ̀kan lọ. (Ibí yìí lèmi náà ti ṣìṣe nígbà kan.)

Ti power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tí ẹ ní èyíkéyìí ló dáa, háà! Pẹ̀lú iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí? Gbàrọgùdù kan lè jó gbogbo ẹ̀ mọ́ra.