Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan ní ọpọlọ ọmọ: ṣé kò sí àìsàn nìyẹn?

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Láfẹ́nwá bọ̀ wá sí Kútọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ sí itan, ọrùn ọmọ náà kò dúró, gìrì sì máa ń mú un. Ó ní àwọn ti ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, owó gọbọi, èsì sì ní kò sí nǹkan kan. Ìyá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mi orí: "Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀rọ òyìnbó ò bá ti rí, ọwọ́ ayé ni. Lọ wádìí ilé ọkọ rẹ." Mo bi ìyá ọmọ bóyá wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀. Ó wò mí sùn-ùn: "Orí ló ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìtọ̀ ṣe?"

Èrò yìí wọ́pọ̀ ní Abẹ́òkúta wa. (Àwa tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ọpọlọ, Àrò ló ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn.) Kò rí bẹ́ẹ̀. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ń ya bí ọpọlọ ṣe rí. Kì í tọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wò. Àwọn àìsàn àjogúnbá kan sì wà tó jẹ́ pé bí ara ṣe ń lo oúnjẹ ni wọ́n ń bàjẹ́: ẹ́ńsáìmù kan (èròjà ara tó ń yí oúnjẹ padà sí ohun tí ara lè lò) kò ṣiṣẹ́, májèlé wá ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi àwọn aláró Ìtòkú: bí aró bá bàjẹ́ nínú ìkòkò, aṣọ tí wọn ò tíì rì kò lè sọ fún yín.

Ní 1934, ní Norway, ìyá kan mú ọmọ méjì tí làákàyè wọn kò dàgbà tọ dókítà Asbjørn Følling lọ. Òórùn àjèjì kan ń bọ̀ lára wọn. Følling kán kẹ́míkà kan, ferric chloride, sínú ìtọ̀ wọn, ó sì di àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe mọ PKU nìyẹn, àìsàn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ara lè lo èròjà kan nínú oúnjẹ, MRI kò tíì sí láyé nígbà náà. Ọmọ tó ní PKU lè dá ṣáká lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí àwòrán ọpọlọ rẹ̀ náà sì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Àìtó G6PD, ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, náà jẹ́ àjogúnbá, ó sì pọ̀ láàárín wa. Òun ló fà á tí nọ́ọ̀sì fi ń bá yín jà lórí káńfọ̀ nínú aṣọ ìkókó. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ á máa fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè. Bí ohun tó ń pọ́n ojú náà bá wọ ọpọlọ, MRI lè fi ibi tó bà jẹ́ hàn, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́ nígbà náà.

Mi ò ní kí ẹ pa ẹ̀rọ náà tì o. Nínú ALD, àìsàn àjogúnbá tó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọkùnrin jẹ́, àmì lè hàn lórí àwòrán kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ìwé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yà á léraléra fún ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ní in. Nínú Leigh, àìsàn àjogúnbá mìíràn tó ń ba ọpọlọ jẹ́, àmì sábà máa ń wà lọ́gbọọgba lọ́tùn-ún lósì. Ṣùgbọ́n jíìnì tó lè fa Leigh ju 75 lọ, àwòrán kò sì lè sọ èwo ni.

Mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọ̀ kí n tó rántí ohun tó yẹ kí n bi ìyá náà: ṣé wọ́n ti sin ọmọ mìíràn rí nínú ẹbí náà? Ọ̀pọ̀ ilé ló ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ fún dókítà. Dókítà ọmọdé tó bá gbọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè.