Èsì wa sí oníbàárà tí ó ra torque converter Ford F-150 lọ́wọ́ wa

Ẹ̀gbọ́n wa, a kí yín o. A dúpẹ́ pé ẹ kọ ohun tí ó dùn yín síbí, níbi tí àwa náà ti lè rí i. Ìràwọ̀ kan ni ẹ fún wa. Ẹ ní torque converter tòkunbọ̀ (èyí tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú gíà) tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Agodi Gate, Ìbàdàn, fún Ford F-150 ọdún 2006 yín, ti kú kí a tó tà á, nítorí pé lẹ́yìn tí mẹkáníìkì yín dè é tán, ọkọ̀ náà ṣì ń gbọ̀n bí eré rẹ̀ bá ti sún mọ́ 70 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ tún ní ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa sọ fún yín pé ọjọ́ ìdápadà ọjà ti kọjá, ó sì pa fóònù mọ́ yín lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn kò ní àwíjàre. Ẹni tí ó ṣe é ti bẹ̀ yín níṣojú wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ gbé ọkọ̀ wá, ẹ sì fi ìwà àgbà gbà á. Ìyókù ni a fẹ́ ṣàlàyé ní kíkún, nítorí pé àwọn mìíràn tí wọ́n ka ohun tí ẹ kọ ti ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá torque converter ni ó ń gbọn ọkọ̀ tiwọn náà.

Mẹkáníìkì yín kò ṣìwèrè bí ó ṣe fura sí torque converter. Òun ni ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, níbi tí kílọ́ọ̀ṣì máa ń wà nínú ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí gíà rẹ̀. Ọ́ìlì ni ó fi ń ṣiṣẹ́: apá kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí ń ju ọ́ìlì lu apá kejì tí ó so mọ́ gíà, ìyẹn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì nìkan kì í gbé gbogbo agbára náà débẹ̀, díẹ̀ máa ń di ooru lọ́nà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe kílọ́ọ̀ṣì kan sínú rẹ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń pàṣẹ fún pé kí ó dì mú nígbà tí eré bá ti dúró sójú kan. Lórí gíà onípele mẹ́rin tí ọkọ̀ yín ń lò, èyí tí a ń pè ní 4R75E, àárín 65 sí 80 kìlómítà ni ó sábà máa ń dì mú bí awakọ̀ kò bá tẹ iná púpọ̀. Bí ojú kílọ́ọ̀ṣì náà bá ti jẹ, tàbí tí ọ́ìlì bá ti gbó, á máa dì, á máa yọ̀, á tún dì, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bí ìgbà tí táyà bá ń gun àwọn ìlà gbágungbàgun tí wọ́n fi ń jí awakọ̀ tí oorun ń kùn lójú títì.

Ẹ sọ fún wa pé mẹkáníìkì yín tún dán an wò: ọkọ̀ ń lọ ní 70, ó fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́rẹ́ láì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Àwa náà ń ṣe àyẹ̀wò yẹn, nítorí pé bí a bá ti kan bíréèkì ni kọ̀ǹpútà yóò tú kílọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ rèé. Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì bá dì mú, ẹ́ńjìnnì àti táyà ti di ọ̀kan. Bí sìlíńdà kan bá kọ̀ tí kò jó, ìkọsẹ̀ rẹ̀ yóò gba inú gíà dé abẹ́ ìjókòó awakọ̀ tààrà. Bí kílọ́ọ̀ṣì náà bá tú, ọ́ìlì á gba ìkọsẹ̀ náà mọ́ra bí tìmùtìmù, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń kọsẹ̀.

Nígbà tí a so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọkọ̀ yín, tí ẹ̀yin fúnra yín sì jókòó tì wá lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, ohun tí a kọ́kọ́ wò ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan àti iye ìgbà tí ọ̀pá tí ó wọ inú gíà ń yí. Bí kílọ́ọ̀ṣì inú torque converter bá ń yọ̀, ìyàtọ̀ náà yóò máa gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n; kódà ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè rí i tí ọwọ́ aago ẹ́ńjìnnì ń jó nígbà tí eré ọkọ̀ kò yí padà. Ti yín kò jó. Odo, tàbí ohun tí kò jìnnà sí odo, ni ó dúró sí ní gbogbo àsìkò tí ọkọ̀ ń gbọ̀n. A wá yí ẹ̀rọ náà sí iye ìgbà tí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kọ̀ láti jó: méje dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìkẹrin ń kà lọ bí ẹni ń ka owó èsúsú. Iná kò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nítorí pé kíkọ̀ náà kò tíì tó èyí tí kọ̀ǹpútà yóò torí rẹ̀ kọ kóòdù P0304 (èyí tí ó ń sọ pé sìlíńdà kẹrin kò jó) sílẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá wo kóòdù nìkan yóò búra pé ẹ́ńjìnnì kò lárùn.

Sìlíńdà kẹrin yẹn wà lẹ́yìn pátápátá lápá ọ̀tún. Nígbà tí a fa kọ́ìlì rẹ̀ yọ, èyí tí ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná, omi ti dá ìpẹtà sínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì, rọ́bà kọ́ìlì náà sì ti sán. Ìgbà náà ni ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi omi fọ ẹ́ńjìnnì ni gbígbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀. A pààrọ̀ kọ́ìlì àti pọ́lọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì lọ ní 70, ó lọ ní 80, kò gbọ̀n. (Ẹ máà bínú pé ó pẹ́: pọ́lọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì onílítà 5.4 yìí máa ń ṣẹ́ sínú ihò bí a bá fi agídí tú u.)

Nítorí náà, a kò lè gbà pé òkú ọjà ni a tà fún yín. Ohun tí a gbà ni pé a ta ọjà fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ẹ ní torque converter ni ẹ fẹ́, a gbé e fún yín, a gbowó, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè ohun tí ọkọ̀ ń ṣe àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìdajì owó ọjà ti wọ àkáǹtì yín, a kò sì gba owó iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A kò dá gbogbo rẹ̀ padà nítorí pé torque converter náà ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ yín lọ́wọ́lọ́wọ́, àti pé bí a bá ní kí a tún sọ gíà kalẹ̀ láti yọ ọ́, iṣẹ́ náà yóò gbé owó púpọ̀ lọ lórí ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, ọkọ̀ tí torque converter rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́ sábà máa ń fi ohun mìíràn hàn yàtọ̀ sí gbígbọ̀n. Bí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá dì tí kò tú mọ́, ẹ́ńjìnnì á kú bí ẹ bá ti fẹ́ dúró, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ onígíà ọwọ́ tí a kò tẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bí èyí tí ń darí ọ́ìlì láàárín rẹ̀ bá ń yí gbà lọ gbà bọ̀, ọkọ̀ á lọ́ra láti gbéra, pàápàá bí ó bá rù, ṣùgbọ́n á dára bí eré bá ti wọ̀ ọ́. A máa ń dán èyí wò nípa títẹ iná dé ìsàlẹ̀ nígbà tí a tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tí gíà wà ní D, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ẹ fi òkúta há táyà, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú ọkọ̀. Ooru tí ó ń mú wá lè ba gíà tí kò ṣe nǹkan jẹ́, nítorí náà àwa kì í ṣe é àfi tí ẹ̀rọ bá ti sọ̀rọ̀ tán tí ọkàn wa kò balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa, ó ku ohun kan. Ọ́ìlì tí a rí lórí ọ̀pá ìwọ̀n gíà yín ti ń dúdú, èyí tí ó fi hàn pé àlòkù tí ó wà nínú páìpù àti rédíétọ̀ ni ó dà pọ̀ mọ́ tuntun tí mẹkáníìkì yín rọ. Ẹ bá wa gbé ọkọ̀ náà wá kí oṣù yìí tó parí, kí a fọ àwọn páìpù náà, kí a sì rọ ọ́ìlì gíà tuntun tí a ń pè ní Mercon V sí i. Ọ́ìlì nìkan ni ẹ ó san owó rẹ̀.